Ìwúkàrà Nónà Ines

“Ẹ tọ́ ọ wò ná, Sinyóra,” ni Ivano wí. Ó ti àpò bébà kan síwájú rẹ̀ lórí tábìlì tó ń nù lọ́wọ́. “Kí ẹ wá sọ fún mi pé kì í ṣe tiyín.”

Olúfúnmilọ́lá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Aago méje àárọ̀ kò tíì lù, ṣùgbọ́n èrò ti kún ibi ìjẹun tó wà nínú pápákọ̀ òfurufú Dublin, ọ̀gá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń nu tábìlì máa bá èrò jẹun. Síbẹ̀, Ivano kì í ṣe èrò lásán. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ọkùnrin ará Ítálì yìí fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Adamstown ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, nítorí búrẹ́dì tí Olúfúnmilọ́lá ń ṣe nílé. Olúfúnmilọ́lá bu díẹ̀ nínú búrẹ́dì inú àpò náà, ó jù ú sẹ́nu.

Bọ́tà ló kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà èèpo ọsàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan kíkan díẹ̀ wá rọra jókòó sẹ́yìn ahọ́n rẹ̀, bí ògì tó ti lo ọjọ́ méjì nínú omi. Olúfúnmilọ́lá dúró gbọin. Kò jẹ ẹ́, kò gbé e mì.

“Níbo lẹ ti rà á?”

“Ní Clondalkin, ilé kọfí kan tó kọjú sí àwọn ọ́fíìsì. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ṣí i tí ẹ kò sọ fún wa. Kí n má purọ́, ó dùn mí. Láti oṣù méjì ni mo ti ń fi bisikíìtì gbígbẹ mu kọfí láràárọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n. Ẹ ní ìwúkàrà yín ti kú.”

“Ó ti kú lóòótọ́.”

Ivano rẹ́rìn-ín. “Òkú kì í mú búrẹ́dì wú báyìí, Sinyóra. Ọmọ Verona ni mí. Mo mọ ohun tí mò ń jẹ.”

Wọ́n ké sí àwọn tó ń lọ sí Verona pé kí wọ́n wá wọ bàálù. Ivano gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sì fi búrẹ́dì tó kù sílẹ̀ fún un. Olúfúnmilọ́lá ká àpò bébà náà, ó tì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Tábìlì kan ṣoṣo ló nù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí èèyàn bá gbọ́ pé àárò ń sọ ọmọ Òṣogbo kan ní Dublin, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni gàrí tàbí iṣu. Iṣu wo? Iṣu wà ní Dublin ju bó ṣe wà nílé ẹlòmíràn ní Òṣogbo lọ. Ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ Olúfúnmilọ́lá nígbà tó dé ìlú yìí ni kọfí dúdú tó ń hó nínú ìkòkò onírin kékeré lórí iná láàárọ̀, àti búrẹ́dì dídùn tí àwọn ará Verona ń pè ní brioche, tí wọ́n máa ń rì bọ inú kọfí náà lórí ìdúró kí wọ́n tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi gbé Verona. Ìlú tí èèyàn bá gbé tó bẹ́ẹ̀ á wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Dublin, ó jókòó ti ife tíì onímílíìkì kan ní kíṣìnnì, ó sunkún bí ọmọdé. Ìtẹ́olúwa ọmọ rẹ̀ rò pé ẹnì kan ló kú nílé.

Nínú ọdún mẹ́rìnlá náà, mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ines. Nónà ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbẹ̀, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń ya irun fún un, ó ń bá a jà nítorí oògùn. Nónà Ines náà kì í jẹ́ kó sinmi. Tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì, á ní kó gbé òun jókòó sí ìdí tábìlì kíṣìnnì, á sì máa pàṣẹ fún un bó ṣe máa po fúláwà. Ìwúkàrà tí wọ́n ń lò kì í ṣe ti inú páálí. Ìṣù kan ni, tó tó ìkúùkù àgbàlagbà méjì, tí wọ́n dì sínú aṣọ funfun onígbátí pupa, tí wọ́n sì fi okùn so gírígírí. Ìyá Nónà Ines ló ṣe é kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń fún un ní fúláwà àti omi jẹ bí ẹran ọ̀sìn.

Nígbà tí ìyá náà mọ̀ pé ilé ń pe òun, kò pe àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Milan. Olúfúnmilọ́lá ló pè, ó gbé ìṣù náà lé e lọ́wọ́, ó ní, “Ìwọ lo mọ bó ṣe ń jẹun.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú báàgì ọwọ́ ni Olúfúnmilọ́lá gbé e sí wá sí Dublin. Kò gbà kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ẹrù.

Bí àwọn ará Ítálì tó wà ní Dublin ṣe gbọ́ nípa rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹnì kan mú ẹnì kan wá, títí wọ́n fi di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, wọ́n á kún ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan, tọkọtaya kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Ivano, wọ́n á máa mu kọfí lórí ìdúró, wọ́n á máa pariwo bí ẹni tó ń jà, bẹ́ẹ̀ ayọ̀ ni. Fún wákàtí méjì yẹn, wọ́n ń pe Olúfúnmilọ́lá ní Sinyóra, bí wọ́n ṣe ń pe Màdáámù ní Ítálì. Ní pápákọ̀ òfurufú, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan kan. Ó fẹ́ràn wákàtí méjì yẹn ju bó ṣe lè sọ lọ.

Túnbọ̀sún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin tó mú bí àbúrò, mọ gbogbo èyí. Nígbà tó ti Ìwó dé pẹ̀lú ọmọ méjì, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, inú pálọ̀ Olúfúnmilọ́lá ló sùn fún oṣù márùn-ún. Olúfúnmilọ́lá ló mú un lọ sí ìjọ, òun ló wá ilé fún un ní Clondalkin. Ọmọ ìyá ni àwọn ará ìjọ rò pé wọ́n jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé, Túnbọ̀sún ló máa ń bá a gbé ife kọfí káàkiri, ó sì ti gbọ́ ìtàn Nónà Ines tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tí Olúfúnmilọ́lá bá fo ibì kan, òun ló máa ń rán an létí.

Ta ni ká tún fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́? Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, tí Olúfúnmilọ́lá máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé, Túnbọ̀sún ló gbé ìwúkàrà náà fún, tòun taṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ: ìwọ̀n fúláwà báyìí, ìwọ̀n omi báyìí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. “Má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ o,” ló sọ fún un. “Ìyókù ìtọ́jú rẹ̀, tí mo bá dé, màá ṣe é.”

Ọjọ́ tó dé, kò tíì gbé àpótí wọlé tí Túnbọ̀sún fi kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Sista mi, ẹ pa mí. Ẹ má dá mi sí.”

“Kí ló dé? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Àwọn ọmọ wà. Ìwúkàrà yẹn ni. Inú ààwẹ̀ la wà tí Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ ní kí gbogbo wa kó ìwúkàrà àtijọ́ dànù nínú ilé wa. Ẹ̀rù bà mí, Sista mi. Mo gbé e jù sínú bíìnì, tòun taṣọ. Ìgbà tí orí mi fi máa wálẹ̀, wọ́n ti kó pàǹtí lọ.”

Ẹ̀ṣẹ̀ àti òdì yíyàn ni pásítọ̀ ń bá wí, kì í ṣe fúláwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Túnbọ̀sún nìkan ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Màmá Jeremiah, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, da páálí yíìsì méjì nù lọ́jọ́ kan náà, odindi ìjọ ló fi rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò wá bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jà? Olúfúnmilọ́lá ló ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀. Ó ní kí Túnbọ̀sún dìde. Ó dárí jì í lójú ẹsẹ̀, ó tún fún un ní kúlíkúlí àti aṣọ tó rà bọ̀ fún un, ó sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbìyànjú láti ṣe tuntun. Ó ń wú, ṣùgbọ́n bí búrẹ́dì ẹlòmíràn ló rí lẹ́nu. “It’s grand, Mam,” ni Ìtẹ́olúwa sọ fún un. “It’s only flour and water, like. Just make a new yoke.” Lójú tirẹ̀, fúláwà àti omi lásán ni, kó kàn ṣe òmíràn; ọmọ náà kò ní i lọ́kàn láti ṣe ìkà. Olúfúnmilọ́lá pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n, àárọ̀ Sátidé sì dákẹ́ ní Adamstown.

Láti ìgbà náà, Túnbọ̀sún kì í sábà wá sí ìjọ mọ́. Ó ní iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni.

Aago méjì ọ̀sán ni Olúfúnmilọ́lá kúrò níbi iṣẹ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì dé àárín ìgboro, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń pè ní Luas, ó sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwúkàrà pọ̀ láyé. Bóyá ará Verona mìíràn ló wà ní Clondalkin. Bóyá ahọ́n òun ló ti darúgbó.

Ilé kọfí náà mọ́ tónítóní. Òórùn bọ́tà gba gbogbo ibẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ funfun kan tó tó ẹni àádọ́ta ọdún wà nídìí káńtà, wọ́n kọ Michelle sí i láyà. Lẹ́yìn rẹ̀, pátákó dúdú kan wà lára ògiri, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì funfun kọ ọ́ gàdàgbà pé láti kíṣìnnì Nónà Ines ti Verona ni gbogbo búrẹ́dì ibẹ̀ ti wá.

Olúfúnmilọ́lá ka orúkọ náà. Ó tún un kà.

“Báwo ni, love?” ni Michelle wí. “Kí ni ká fún ẹ?”

“Ta ni yẹn?” Ó na ìka sí pátákó.

“Ah, ìtàn yẹn! Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi ni, Túnbọ̀sún. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tọ́jú ìyá àgbà yẹn ní Ítálì. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń ya irun fún un. Nígbà tí ìyá náà fẹ́ kú, ṣé o mọ̀ pé kò pe àwọn ọmọ tó bí? Túnbọ̀sún ló pè. Ó gbé ìwúkàrà lé e lọ́wọ́, ó ní, ‘Ìwọ lo mọ bó ṣe ń jẹun.’ Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, mo sunkún, mi ò purọ́.”

Olúfúnmilọ́lá di etí káńtà mú. Ẹni tí wọ́n bá jí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ gbé lè ra òmíràn. Ẹni tí wọ́n bá jí òkú rẹ̀ gbé, ọjà wo ni yóò lọ? Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí arúgbó yẹn bá a sọ nìyẹn, nínú yàrá, àwọn méjèèjì nìkan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ẹnu rẹ̀ fún un tán. Ó ń gbọ́ ọ báyìí láti ẹnu obìnrin kan tó ń ta kọfí.

“Ṣé ó wà níbí?”

“Ó wà lẹ́yìn. Ẹ mọ ara yín?”

“Ìjọ kan náà la wà.”

“Grand! Wọlé lọ bá a. Bóyá á gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni kò ti fara balẹ̀, ó ní ìwúkàrà ń ṣe bákan.”

Túnbọ̀sún kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń po fúláwà. Bó ṣe yíjú padà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti tẹ̀ fúnra wọn.

“Ẹ káàsán, Sista mi.” Ìkíni náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ̀rù tó rí àyè wọlé.

“Káàsán, Túnbọ̀sún. Mo gbọ́ pé o gbé Verona.”

Túnbọ̀sún nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó tún un nù. “Sista mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Mò ń gbọ́.”

“Mo fẹ́ dá a padà. Ọlọ́run ń gbọ́. Mo kàn ní kí n fi dán nǹkan wò kí ẹ tó dé. Michelle tọ́ ọ wò, ó ní òun máa gbà mí síṣẹ́ ní kíákíá. Ẹ mọ iye ọdún tí mo ti ń fọ ṣáláńgá ọ́fíìsì. Mo ní tí mo bá sọ fún yín, ẹ ò ní gbà.”

“O béèrè, mo kọ̀?”

Túnbọ̀sún tún yíjú sí fúláwà tó ń pò.

“Mo ní, ṣé o béèrè lọ́wọ́ mi tí mo kọ̀? Ìdajì ni ǹ bá gé fún ọ! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n ń gé e fún èèyàn ni. Ìwúkàrà kì í tán nítorí pé wọ́n gé e.”

“Kí lẹ̀yin ń fi í ṣe gan-an?” Ohùn Túnbọ̀sún le díẹ̀. “Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ níṣẹ́ ní èápọ́ọ̀tù, ọmọ yín ti fẹ́ parí yunifásítì. Kí lèmi ní? Abeg, Sista mi, ẹ fojú àánú wò ó.”

Ọ̀rọ̀ náà ta Olúfúnmilọ́lá, pàápàá nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

“Ká ní èyí tí o jí nìkan ni, mo lè gbójú fò ó. Nónà Ines ńkọ́? Ìwọ tí o kò mọ àwọ̀ ojú rẹ̀? Kí ló ṣe fún ọ tí o fi ń fi òkú rẹ̀ polówó ọjà?”

“Michelle ló bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ. Kí ni kí n sọ? Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni.”

“Ọlọ́run tí o fi dí mi lẹ́nu ńkọ́, òun náà bọ́ lẹ́nu ni?” Olúfúnmilọ́lá kò pariwo. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i. “Tí o bá ní ọmọ rẹ ló dà á nù, màá bá ọ jà. Tí o bá ní o gbàgbé rẹ̀ síta, màá bá ọ jà. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. O jókòó, o wá ohun tí mi ò ní lè bá jà, o fi bò mí lẹ́nu. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Túnbọ̀sún. Mo ní kí Ọlọ́run má bínú sí mi pé mò ń sunkún nítorí ìwúkàrà.”

Túnbọ̀sún bú sẹ́kún. Ẹkún gidi ni. Ẹni tó jalè náà lójú tó fi ń sunkún.

“Níbo ló wà?”

Fíríìjì ni Túnbọ̀sún ṣí. Ó gbé abọ́ ike kan jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì. Aṣọ funfun onígbátí pupa yẹn ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kó lọ pẹ̀lú pàǹtí. Olúfúnmilọ́lá fi ìka kan aṣọ náà. Ó tẹ̀ ba, ó gbóòórùn rẹ̀, imú rẹ̀ sì ta.

“Ọjọ́ mẹ́ta rèé tó ti ń rùn bíi fínígà,” ni Túnbọ̀sún wí láàárín ẹkún. “Búrẹ́dì àárọ̀ yìí kò fẹ́ẹ̀ wú. Sista mi, ẹ dákun, kí ni mo máa ṣe sí i?”

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó jí màlúù gbé, ó tún ń bi ẹni tó ni màlúù bí wọ́n ṣe ń fún wàrà rẹ̀.

Olúfúnmilọ́lá mọ ohun tó ń ṣe é. Ìwúkàrà bẹ́ẹ̀ máa ń dá èèpo sára bó bá ti wà nínú aṣọ fún ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ bó èèpo náà, kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n mú àárín rẹ̀ nìkan. Ọkàn ni Nónà Ines ń pe àárín náà, ó ní ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀mí wà. Bí ọkàn náà bá ń ṣàìsàn, wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú omi ṣúgà, á wẹ̀, á sì tún jí. Ìyókù ìtọ́jú tí Olúfúnmilọ́lá ní òun máa ṣe tí òun bá dé nìyẹn. Túnbọ̀sún kò mọ̀ ọ́n. Tèèpo-tèèpo ló ti ń pò ó láti oṣù méjì.

“Ẹ jẹ́ ká pín in,” ni Túnbọ̀sún sọ wéré, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. “Ẹ mú ìdajì, kí n mú ìdajì. Kí Michelle má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, Sista mi.”

Olúfúnmilọ́lá wo ọ̀bẹ tó wà lórí tábìlì. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àbúrò ló ń gé ẹran, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Ohun tó ń jẹ́ kí àbúrò gé e dọ́gba nìyẹn.

“Ó dáa,” ló wí. “Èmi ni màá gé e. Kí ìwọ kọ́kọ́ mú.”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n.”

“Mo ní kí o kọ́kọ́ mú.”

Ó tú okùn, ó ṣí aṣọ. Ó fi ọ̀bẹ yí ìṣù náà po bí ẹni tó ń bó iṣu, ó ká èèpo rẹ̀ pọ̀ sí ọ̀tún. Èèpo náà tóbi, ó funfun, ó dán, ó kún ọwọ́ méjì. Ohun tó kù sí òsì kò ju ẹyin adìyẹ kan lọ, ó rí eérú-eérú, ó ń lẹ̀, ó ní ihò káàkiri. Kò purọ́ nípa ọ̀kankan nínú wọn. Kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn: bí Túnbọ̀sún bá mú kékeré, bó bá fi ńlá sílẹ̀ fún òun bí ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi, òun yóò kọ́ ọ ní bíbó, òun yóò kọ́ ọ ní wíwẹ̀, òun yóò sì fi ọkàn yẹn sílẹ̀ fún un kó máa jẹun lórí rẹ̀, bí òun tiẹ̀ lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Túnbọ̀sún wo ńlá, ó wo kékeré. Ó wo ojú Olúfúnmilọ́lá. Ẹkún ti dá.

“Búrẹ́dì ọ̀la ló pọ̀, Sista mi,” ló wí, ó sì fa ńlá mọ́ra.

Olúfúnmilọ́lá mi orí. Nǹkan kan fà já nínú rẹ̀, ó dùn ún ju ti pátákó lọ. Ó fi aṣọ funfun náà wé kékeré.

“Mò ń mú aṣọ yìí lọ.”

“Ẹ mú un, ẹ mú un! Ẹ ṣeun, Sista mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa dárí jì mí. Ẹ̀yin lẹ mọ Ọlọ́run.”

Nígbà tó jáde sí iwájú, Michelle ń fún oníbàárà kan ní ṣéńjì. Olúfúnmilọ́lá kọjá sẹ́yìn káńtà, ó fa aṣọ tó fi ń nu tábìlì ní èápọ́ọ̀tù yọ lápò, ó sì nu orúkọ Nónà Ines kúrò lára pátákó, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

“Hẹ́n! Kí lò ń ṣe?”

“Èmi ló kú sí lọ́wọ́,” ni Olúfúnmilọ́lá wí. “Ẹ ní kí Túnbọ̀sún sọ òótọ́ fún yín.” Ó sì jáde.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Adamstown, ó gbé aṣọ náà lé itan. Ó tutù láti inú fíríìjì, ṣùgbọ́n kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló wẹ̀ ẹ́ nínú omi ṣúgà, ló fún un lóúnjẹ. Lọ́jọ́ Sátidé, kò mira. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìjọ, ihò díẹ̀díẹ̀ yọ lára rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti wú ìlọ́po méjì, òórùn fínígà ti lọ, òórùn ògì ló kù. Olúfúnmilọ́lá pe Ivano pé kó dúró de Sátidé. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fóònù dún lẹ́tí rẹ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ wọlé.

Túnbọ̀sún ni. Ó kọ ọ́ pé: “Sista mi, ẹ dákun ẹ gbà mí. Kò wú mọ́ rárá. Ó ti le bí òkúta, ó ti ń dúdú. Michelle ń bi mí léèrè nǹkan tí mi ò mọ bí mo ṣe máa dáhùn. Kí ni kí n ṣe?”

Olúfúnmilọ́lá jókòó sídìí tábìlì. Àwọn ọmọ méjèèjì tó sùn ní pálọ̀ rẹ̀ fún oṣù márùn-ún wá sí i lọ́kàn. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ pé: “Máa bọ̀ wá mú díẹ̀.” Ìka rẹ̀ dúró lórí bọ́tìnì. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Lẹ́yìn náà ni ohùn Michelle dún padà ní etí rẹ̀, ó ń wẹ̀ fún un, ó ń ya irun fún un. Ó rántí ọwọ́ tó na, tó fa ńlá mọ́ra.

Ó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó kọ òmíràn:

“Kó o dànù. Pásítọ̀ ti ní kí a kó ìwúkàrà àtijọ́ dànù nínú ilé wa.”

Ó fi í ránṣẹ́. Kò dùn mọ́ ọn bó ṣe rò pé yóò dùn mọ́ ọn. Ó dojú fóònù dé, ó gbé ìkòkò kọfí ka iná, ó wọn fúláwà, ó wọn omi, ó fún ìwúkàrà náà jẹ. Nígbà tó ṣe tán, ó fi aṣọ Nónà Ines dì í, ó fi okùn so ó. Ó wò ó díẹ̀, ó sì tún okùn náà ta ní kókó kejì.